Ẹgbẹ́ olórin Skọ́tílándì: rọ́ọ̀kì, pọ́ọ̀pù àti orin ìbílẹ̀ wọn. Ibo ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀?

Etí_Ń_Gbọ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ to orin Skọ́tílándì jọ, èyí tó ju orin kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń pariwo ní pápá bọ́ọ̀lù lọ. Àwọn wo ló yẹ kéèyàn gbọ́, àwo wo ló yẹ kó kọ́kọ́ mú nínú iṣẹ́ wọn, ibo lèèyàn sì ti máa ń ṣìnà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dá orúkọ jọ fún mi. Ẹ sọ ohun tí etí máa bá pàdé. Mo ń ta gìtá, torí náà ẹ má fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é pamọ́ fún mi.

Okùn_Mẹ́fà

Àbúrò, ọ̀dọ̀ Big Country ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Dunfermline ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1981. Stuart Adamson tó ti wà nínú Skids tẹ́lẹ̀ ni olórí wọn. Àwo wọn àkọ́kọ́, The Crossing, jáde ní 1983, Steve Lillywhite ló bójú tó ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé gìtá wọn ń dún bíi bagpipe, fèrè alápò ilẹ̀ Skọ́tílándì. Kò sí bagpipe kankan níbẹ̀. Gìtá Adamson àti ti Bruce Watson ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ MXR Pitch Transposer tó ń fi ohùn kejì kún ohùn gìtá, àti E-Bow, ohun kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú sókè okùn, tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á máa mú okùn gbọ̀n láìdáwọ́ dúró.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ o. Èèyàn lè kó gbogbo pédà yẹn jọ kó má rí ohùn náà mú, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta gìtá bí ẹni ń ta búlúùsì. Ohùn mẹ́sàn-án péré ni bagpipe ní: G ìsàlẹ̀, A ìsàlẹ̀, B, C#, D, E, F#, G òkè, A òkè. G ni o, kì í ṣe G#. Bó o bá fi G# sí i nítorí pé ìwé kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ ni A major rí, orin náà á di ti ṣọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì wà nínú ọwọ́ òsì. Bagpipe kì í dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ń jáde látinú àpò ní gbogbo ìgbà, torí náà onífèrè kò lè fi ìdákẹ́ pín ohùn méjì tó bára mu níyà. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á ju ohùn kékeré kan sáàrin wọn, kíákíá bí ìpajú. Lórí gìtá, ta ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan, fi ìka kẹta kan frẹ́ẹ̀tì tó wà lókè rẹ̀, kó o sì gbé e kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má fi ọwọ́ ọ̀tún ta á lẹ́ẹ̀kejì. Kó o tún jẹ́ kí okùn A máa dún ní ṣíṣí lábẹ́, nígbà tí orin ń lọ lórí okùn D àti G, torí pé bagpipe ní ọ̀pá mẹ́ta tó ń dún lóhùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kékeré méjì, ńlá kan.

Gain àpọ̀jù, ìyẹn agbára tó ń mú ohùn gìtá fọ́, ló ń ba èyí jẹ́ jù. Bí ohùn bá ti fọ́, ohùn kékeré inú yẹn á rì sínú ariwo. Dín gain kù, fi compressor díẹ̀ sí i kí ohùn má tètè kú.

Onífèrè

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Àfikún mi wà fún ẹni tó bá fẹ́ bá bagpipe gidi ṣeré.

Ohun tí onífèrè ń pè ní A kì í ṣe A ti dùrù. Ó sún mọ́ Bb, ó sì tún ga jù ú lọ. Bb ti dùrù wà ní nǹkan bíi 466 Hz, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onífèrè òde òní sì wà ní àyíká 480 Hz. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọ̀nà láti Bb sí B. Capo, ohun tí wọ́n fi ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, ní frẹ́ẹ̀tì kìíní kò ní tó. Ó di dandan kó o tún fa gbogbo okùn sókè, fetí sí ọ̀pá ńlá bagpipe, kó o fi í ṣe òdiwọ̀n, má fi ti tuner orí fóònù ṣe é. Nítorí wàhálà yìí ni àwọn tó ń pa bagpipe pọ̀ mọ́ gìtá àti kíbọ́ọ̀dù ṣe ń lo chanter (ọ̀pá oníhò tí onífèrè ń fi ìka ta) tí wọ́n gbẹ́ fún 466 Hz gan-an, tàbí kí wọ́n lo smallpipes. Smallpipes jẹ́ bagpipe kékeré tí wọn kì í fi ẹnu fẹ́. Ẹwìrì abẹ́ apá ló ń fún un ní afẹ́fẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì sábà máa ń wà ní A tàbí D tó bá dùrù mu.

Ohun míì tún wà. C# ti bagpipe rẹlẹ̀ ju ti gìtá lọ díẹ̀, nítorí pé ọ̀pá tó ń dún lábẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ohùn náà. Bó o bá ta kọ́ọ̀dù A major tó kún, C# méjèèjì á máa jà. Yọ C# kúrò, A àti E ti tó. Ó wà lára ìdí tí DADGAD fi gbilẹ̀ láàrin àwọn onígìtá orin ìbílẹ̀: okùn kẹfà láti E wá sí D, ìkejì láti B wá sí A, ìkíní láti E wá sí D. Ta gbogbo okùn ní ṣíṣí, wàá gbọ́ pé kò sí ohùn kẹta níbẹ̀ tó máa bá fèrè jà.

Àwo_Dúdú

Ẹ jẹ́ kí n wá síbi tí owó ti ń ṣòfò, ìyẹn àwo tí kò ní orin tí èèyàn ń wá.

Simple Minds ṣáájú. Ọmọ Glasgow ni wọ́n, Jim Kerr àti Charlie Burchill. Don't You (Forget About Me) dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1985, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló kọ ọ́. Keith Forsey àti Steve Schiff ló kọ ọ́ fún fíìmù The Breakfast Club. Wọ́n ò sì fi í sínú Once Upon a Time tó jáde lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá ra àwo yẹn nítorí rẹ̀ á wá a títí. New Gold Dream ti 1982 ni kó o mú bó o bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ yìí jẹ́: béèsì ló ń rìn níwájú, kíbọ́ọ̀dù ló tẹ́ ilẹ̀, gìtá kàn ń yọjú ni.

The Proclaimers, Craig àti Charlie Reid, ìbejì ni wọ́n. Leith ni wọ́n ti bí wọn ní 1962. Letter from America wọn ní ẹ̀yà méjì. Èyí tó wọ orí àtẹ ní 1987, tó dé ipò kẹta, ni èyí tí Gerry Rafferty dá sí, ìlù àti béèsì wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ohùn àwọn méjèèjì àti gìtá lásán. Bó o bá ń wá ọ̀kan tó o bá rí èkejì, má rò pé wọ́n ṣì ọ́ lọ́nà. Wo bóyá wọ́n kọ "band version" sí i. Àwọn ìlú tí wọ́n ń dárúkọ nínú ègbè kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ mọ́tò pa ní Linwood ní 1981, ti ọkọ̀ akẹ́rù ní Bathgate sì tẹ̀ lé e ní 1986. Orin náà fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn láyé àtijọ́, tí wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé orin ìrìn-àjò lásán ni.

Belle and Sebastian: Tigermilk, 1996. Ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n tẹ̀ nígbà yẹn, lábẹ́ Electric Honey, iléeṣẹ́ àwo tí ilé ẹ̀kọ́ Stow College ní Glasgow ń darí nígbà náà. Jeepster tún un tẹ̀ ní 1999. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ti 1996 fún ọ lówó gọbọi, wo orúkọ iléeṣẹ́ tó wà láàrin àwo fúnra rẹ̀ kó o tó wo páálí. Fún gbígbọ́ lásán, èyíkéyìí ló dáa. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn If You're Feeling Sinister, tó jáde lọ́dún kan náà, jù ú lọ.

Bó o bá ń wá Texas tàbí Travis lórí Spotify, kọ orúkọ àwo mọ́ ọn: White on Blonde fún Texas, The Man Who fún Travis. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, orin kántìrì àti ti Travis Scott ni wàá máa bá pàdé.

Etí_Ń_Gbọ́

Ẹ ṣé gan-an. AC/DC ńkọ́? Mo rí i pé àwọn kan ń kà wọ́n kún ti Skọ́tílándì.

Àwo_Dúdú

Rárá o. Sydney ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Onífèrè

Ẹ rọra. Glasgow ni wọ́n bí Malcolm àti Angus Young sí, Bon Scott náà sì jẹ́ ọmọ Skọ́tílándì kí ìdílé rẹ̀ tó kó lọ sí Ọsirélíà. Ní 1975, Scott fúnra rẹ̀ ló fọn bagpipe nínú It's a Long Way to the Top, orin náà sì wà ní Bb. Ẹ padà ka ohun tí mo kọ lókè, ẹ máa mọ ohun tó fà á. Mi ò ní kà wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ Skọ́tílándì, ṣùgbọ́n onígìtá tó bá fẹ́ gbọ́ bí rọ́ọ̀kì ṣe ń tẹrí ba fún fèrè, kó lọ gbọ́ ọ.

Àwo_Dúdú

Mo gbà ìyẹn. Irú rẹ̀ náà ni Garbage: ọmọ Edinburgh ni Shirley Manson tó ń kọrin, àmọ́ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ wà. The Waterboys nìkan ni mi ò lè dá ẹjọ́ wọn. Ọmọ Edinburgh ni Mike Scott, Áyálándì ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú Fisherman's Blues (1988).

Ẹlẹ́gbè

Ẹ ti gbàgbé orin Gaelic, èdè ìbílẹ̀ àwọn òkè àti erékùṣù Skọ́tílándì. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé oúnjẹ wà.

Mú Capercaillie, ẹgbẹ́ tí Karen Matheson ń kọrin fún, tí Donald Shaw ń ta kíbọ́ọ̀dù àti accordion fún. Orin wọn Coisich a Rùin ló jẹ́ orin Gaelic Skọ́tílándì àkọ́kọ́ tó wọ ogójì àkọ́kọ́ lórí àtẹ ìlú ọba, ní 1992. Orin iṣẹ́ ni látilẹ̀ wá. Àwọn obìnrin erékùṣù máa ń jókòó yí pákó gígùn ká, wọ́n á máa lu aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n ti rẹ sínú ìtọ̀ tó ti pẹ́, kó lè fún, kó sì nípọn. Ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Ohun tó máa ṣàjèjì ni pé ọ̀pọ̀ ègbè náà kò nítumọ̀ kankan: hì rì, ho ro, hù ò. Má wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri. Ègbè yìí ni wọ́n fi ń dá orin kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, torí náà kò gbọ́dọ̀ yí padà, bí ẹni tó ń lé bá tiẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ orin padà.

Bó o bá fẹ́ gbè é, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn dúró de kí ẹni tó ń lé parí pátápátá kó tó wọlé. Lílù aṣọ kì í dúró, torí náà sílébù àkọ́kọ́ ègbè gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlù tó kàn gan-an. Fọwọ́ lu tábìlì bó o ṣe ń gbọ́ ọ, má gbẹ́kẹ̀ lé etí nìkan. Mí sínú nígbà tí ẹni tó ń lé bá wà ní ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn.

Ní ti kíka àkọlé wọn: bh àti mh sábà máa ń dún bíi v, th bíi h, fh sábà máa ń dákẹ́, s tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ e tàbí i á dún bíi ṣ tiwa. Pẹ̀lú èyí, wàá lè béèrè orin lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á láìṣe pé o ń nawọ́ sí páálí.

Lẹ́yìn Capercaillie, Runrig ló kàn. Erékùṣù Skye ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973, àwọn ọmọ ìyá kan náà, Rory àti Calum Macdonald, ló ń kọ orin wọn. Play Gaelic (1978) dákẹ́ jẹ́ẹ́, gìtá onígi ló pọ̀ níbẹ̀. Ní ti Loch Lomond wọn, má mú ti 1979. Mú ti orí ìtàgé, nínú Once in a Lifetime (1988). Orin ìbílẹ̀ tó lọ́ra ni, wọ́n wá ń fi ìlù gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí àwọn èrò fi gba ègbè mọ́ wọn lẹ́nu. Nínú ti sítúdíò, èrò yẹn kò sí níbẹ̀, orin náà sì ṣófo. Wọ́n ṣe eré ìdágbére wọn ní Stirling ní oṣù kẹjọ 2018.

Julie Fowlis láti North Uist ni kó o gbọ́ fún puirt à beul, ìyẹn orin ijó tí wọ́n ń fi ẹnu kọ nígbà tí kò bá sí ohun èlò. Ó yára, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń mí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì ìyára orin náà, kó má fi ahọ́n sáré ju ìlù lọ.

Etí_Ń_Gbọ́

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́gbè, níbo lèèyàn ti lè gbọ́ àwọn àgbà obìnrin yẹn fúnra wọn, láìsí béèsì àti ìlù?

Ẹlẹ́gbè

Tobar an Dualchais. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Àkójọ ohùn School of Scottish Studies ní Yunifásítì Edinburgh, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, wà níbẹ̀. Má fi àkọlé orin wá nǹkan, nítorí pé orin kan lè ní sípẹ́lì márùn-ún. Fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ tàbí orúkọ erékùṣù wá a. Kọ "Barra" tàbí "South Uist", lẹ́yìn náà kó o yan irú orin. Ariwo téèpù wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Lo ìbòtí, má lo sípíkà fóònù.

Bó o bá ti gbọ́ mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀, lọ gbọ́ Grit ti Martyn Bennett (2003). Ó kó ohùn àwọn àgbà olórin bíi Lizzie Higgins, Flora MacNeil àti Sheila Stewart sínú ìlù ijó òde òní. Ara rẹ̀ kò yá rárá nígbà tó ń ṣe é, ó sì kú ní 2005. Létí tèmi, ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn ta yọ ni pé kò dà bíi pé wọ́n fipá fa ohùn àwọn àgbà náà kó lè bá ìlù kọ̀ǹpútà mu. Ó dà bíi pé ìlù ló ń tẹ̀ lé ohùn. Àwọn tó ń ṣe àfarawé rẹ̀ máa ń fi ohùn sórí ìlù tó le gbagidi, ohùn á wá dà bíi pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀.

Ará_Clyde

Ẹ jẹ́ kí n bá pọ́ọ̀pù wọlé. Ní 1979, Alan Horne dá iléeṣẹ́ àwo kékeré kan sílẹ̀ ní Glasgow, Postcard Records. Orange Juice ti Edwyn Collins wà níbẹ̀, Aztec Camera ti Roddy Frame náà sì wà níbẹ̀. Gìtá tó mọ́, tó ń jó, tó ń wo ọ̀nà fọ́ńkì àti sóòlù Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́, lásìkò tí pọ́ńkì gba gbogbo ìlú. Lẹ́yìn tí Orange Juice kúrò níbẹ̀ ni Rip It Up jáde, ó sì dé ipò kẹjọ ní 1983. Zeke Manyika, ọmọ Zimbabwe, ló ń lùlù nínú rẹ̀. Béèsì tó ń lọ́ bí ejò yẹn kì í ṣe gìtá o. Roland TB-303 ni, ẹ̀rọ tí àwọn onílé ijó wá sọ di ọba lẹ́yìn náà. Gbogbo ẹgbẹ́ gìtá Glasgow tó wá lẹ́yìn, títí dé Franz Ferdinand, ló ní gbèsè lọ́rùn wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da orin pọ̀ níbi àríyá, ẹ ṣọ́ra fún Take Me Out ti Franz Ferdinand (2004). Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí orin náà á dẹ ẹsẹ̀, á bọ́ sí ìyára míì, kò sì ní padà mọ́. Bó o bá fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú ìlù orin tó ṣáájú, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́. Gé e wọlé láti apá kejì.

Ẹni tó bá rò pé funfun ni gbogbo orin Skọ́tílándì, kó lọ gbọ́ Young Fathers. Edinburgh ni wọ́n wà. Kayus Bankole, òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Alloysious Massaquoi, Làìbéríà ni wọ́n ti bí i. Graham Hastings ni ẹnì kẹta. Ibi ijó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti pàdé. Àwo wọn Dead gba Mercury Prize, ẹ̀bùn àwo-orin ọdún ní ìlú ọba, ní 2014. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti gba ẹ̀bùn àwo-orin ọdún ní Skọ́tílándì: 2014, 2018 àti 2023. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí Dead, ó le díẹ̀ fún etí tuntun. Cocoa Sugar ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kó o sì ṣọ́ bí ìlù ńlá ṣe ń wà níwájú tí ohùn mẹ́ta ń wọ ara wọn, láìsí ẹnì kan pàtó tó jẹ́ olórí. Emeli Sandé náà wà, ọmọ bàbá Zambia, Aberdeenshire ló dàgbà sí. Our Version of Events ló tà jù ní ìlú ọba ní 2012.

Ẹ má gbàgbé Average White Band náà. Pick Up the Pieces dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1975, débi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ James Brown fi orin kan dá wọn lóhùn lábẹ́ orúkọ AABB, ìyẹn Above Average Black Band. Yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ ẹni tí kò bá já mọ́ nǹkan kan, ta ló máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Okùn_Mẹ́fà

Mo tún padà dé, nítorí Bert Jansch. Glasgow ni wọ́n bí i sí ní 1943, Edinburgh ló dàgbà sí. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, 1965, ilé ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, kì í ṣe sítúdíò, £100 ni wọ́n sì tà á fún Transatlantic. Àmọ́ Blackwaterside nínú Jack Orion (1966) ni kí onígìtá fi ṣe ẹ̀kọ́. Yí okùn kẹfà nìkan láti E wá sí D, má yí èyí tó kù. Àtàǹpàkò ló ń mú béèsì, ṣùgbọ́n kì í lù ú déédéé bí aago. Ó ń dúró, ó ń fò, ó ń bọ̀ ṣáájú. Àwọn tó ń kọ́ ọ láti orí tab máa ń fi àtàǹpàkò lù ú ní gbogbo ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá ń dà bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé sókè. Gbọ́ béèsì nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó o tó fọwọ́ kan gìtá. Bí okùn kẹfà bá ń ha lára frẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ra okùn tí wọ́n kọ nípọn 12 tàbí 13 sí, má lo 10.

Fún ẹni tó ń dá ṣeré pẹ̀lú pédà loop, èyí tó ń tún ohun tó bá gbà sílẹ̀ ta léraléra, KT Tunstall ni àpẹẹrẹ. Akai Headrush ló lò fún Black Horse and the Cherry Tree lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Jools Holland ní 2004. Ìlù ara gìtá ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, kọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn. Ohun tó ń dà á rú ni kéèyàn tẹ pédà lẹ́yìn tí ìlù kìíní ti kọjá: àyè kékeré yẹn á máa padà wá ní gbogbo ìyípo, orin á máa tiro. Tẹ̀ ẹ́ lórí ìlù kìíní gan-an, kí ẹsẹ̀ ṣáájú ọwọ́ díẹ̀. Àtipé ohun tó o bá gbà sínú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ, nítorí pé gbogbo ìyókù máa gùn ún lórí.

Ará_Clyde

Fún àwọn ará wa tó wà ní Glasgow tàbí Edinburgh: Celtic Connections, àjọ̀dún orin ní Glasgow, máa ń wáyé ní oṣù kìíní ọdọọdún láti 1994. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké ló ń kọ́kọ́ tán, kì í ṣe ti Royal Concert Hall. Open Stage tí wọ́n fi orúkọ Danny Kyle pè jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní gbọ̀ngàn Barrowland ní Glasgow, ìdúró ni o, wọ bàtà tó dáa. Gbọ̀ngàn kékeré King Tut's ò gbà ju nǹkan bí 300 èèyàn lọ.

Ní ilé ọtí tí wọ́n ti ń ṣeré ìbílẹ̀, bíi Sandy Bell's ní Edinburgh, àga tó sún mọ́ àwọn olórin kì í ṣe ti oníbàárà. Bó o bá gbé gìtá wá, kọ́kọ́ wò bóyá onígìtá kan ti wà níbẹ̀. Bó bá wà, fi tìrẹ sínú àpò títí yóò fi pè ọ́, torí pé gìtá méjì tí kọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀ á ba iṣẹ́ fiddle (fáyólìnì) mẹ́fà jẹ́. Orin méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń so pọ̀, wọ́n sì máa ń tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ reel, ìyẹn orin ijó tó yára, ní apá méjì, báà mẹ́jọ mẹ́jọ, tí wọ́n ń ta ní ẹ̀ẹ̀mejì mejì, báà 32 lápapọ̀. Ka báà, kó o lè mọ ìgbà tí wọ́n máa bọ́ sórí orin míì. Ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin ni kó o máa wò: bó bá gbójú sókè, ìyípadà ti dé.

Etí_Ń_Gbọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bí n bá ní wákàtí kan péré, báwo lẹ ṣe máa tò ó?

Okùn_Mẹ́fà

In a Big Country kó ṣáájú. Coisich a Rùin tẹ̀ lé e, kí etí gbọ́ ibi tí gìtá yẹn ti ń mu omi. Rip It Up. Blackwaterside, kí ariwo lè rọlẹ̀. Letter from America, èyí tó ní ìlù. Heaven or Las Vegas ti Cocteau Twins láti Grangemouth (1990). Má gbìyànjú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu Elizabeth Fraser, ohùn rẹ̀ ni orin náà. In My View ti Young Fathers. Move láti inú Grit. Loch Lomond ti orí ìtàgé. Kí Mogwai Fear Satan, orin ẹgbẹ́ Mogwai, kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni òun nìkan, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀ rárá.

Tan ohun tó ń mú ìró orin dọ́gba lórí Spotify, torí pé àwo 1966 àti ti 2018 kò pariwo bákan náà. Ṣùgbọ́n pa á nígbà tó bá kan Mogwai. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń fò di ariwo lójijì ni gbogbo iṣẹ́ wọn, bí ẹ̀rọ bá sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan kan tó kù.

Ẹlẹ́gbè

Gbogbo rẹ̀ dáa, àyàfi pé mi ò ní jẹ́ kí Move wà ṣáájú Loch Lomond. Èèyàn ò lè ti orí ìlù yẹn padà sórí orin tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé Loch Lomond síwájú In My View.

Okùn_Mẹ́fà

Ó dáa, mo gbà. Gbé e síbẹ̀, àbúrò.